Òkun Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Pálọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ẹni tó ra àpótí gíláàsì láàárọ̀, tó bu omi sí i lọ́sàn-án, tó da iyọ̀ sínú omi náà, tó sì ra ẹja òkun sínú ẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò ra ẹja o. Òkú ló rà. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé òkú náà ṣì ń lúwẹ̀ẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan. Yóò dun àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, nítorí ọjọ́ tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tòun towó ni wọ́n fẹ́ tajà, wọn ò fẹ́ sọ fún un pé kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Yóò dun àwọn olówó wa tó gbà pé ohun tó bá wu olówó ní í fi owó rẹ̀ rà. Ó sì lè dun àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti ní Houston, tí wọ́n rí òkun kékeré nínú gíláàsì nílé aládùúgbò, tí àwọn náà wá ní àwọn ò ní í gbẹ́yìn. Kó dùn wọ́n. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ó ṣeé ṣe, ó lẹ́wà, ó sì ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò ṣeé fi ìkánjú ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nǹkan tí à ń rà bí ẹni ra àga. Ẹni tí kò bá lè fi oṣù kan gbáko jókòó ti omi tí kò sí ẹja nínú ẹ̀, kó lọ ra àwòrán ẹja, kó gbé e kọ́ ara ògiri. Àwòrán kì í kú.

Kí ni wọ́n ń tà fún wa gan-an?

Ta ni kò mọ iyùn nínú wa? Iyùn ni ìyàwó ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, iyùn ni ọba ń kó sọ́rùn lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló mọ̀ pé ohun abẹ̀mí ló ṣe é? Iyùn pupa ojúlówó, tí àwọn oníṣòwò ti ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà láti ayé àwọn baba wa, egungun ẹ̀dá inú omi ni. Ẹ̀dá yìí ní àwọn ìbátan nínú àwọn òkun gbígbóná, àwọn wọ̀nyí ló sì ń kọ́lé. Ẹyọ kan wọn lè má tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á so pọ̀, wọ́n á fa kálísíọ̀mù inú omi òkun, wọ́n á fi kọ́ egungun le egungun, ọdún á gorí ọdún, títí ilé wọn yóò fi di òkìtì tó lè fọ́ ọkọ̀ ojú omi. Òkìtì iyùn nìyẹn. Gbogbo òkìtì iyùn ayé kò gba tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, síbẹ̀ bí ìdámẹ́rin oríṣi ẹ̀dá inú òkun ló ń fi ibẹ̀ ṣe ilé tàbí ibi ìtọ́jú ọmọ.

Ó wà ní Indonésíà, ó wà ní Filipínì, ó wà ní Ọsirélíà, ní Òkun Pupa àti ní àwọn erékùṣù Karibíánì. Kò sí ojúlówó òkìtì iyùn ní etíkun tiwa níhìn-ín. Omi tútù tó máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun láwọn ìgbà kan láàárín ọdún, àti ẹrẹ̀ tí àwọn odò ńlá ń kó wọ òkun, kò jẹ́ kó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹja aláràbarà ti òkìtì iyùn nínú gíláàsì ní Èkó, ẹ mọ̀ pé àlejò ni, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e wá. Àlejò tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká ti tún yàrá ṣe kó tó dé. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ̀dá tó ń kọ́ òkìtì yìí ẹlẹgẹ́ ni. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni èwe omi tín-ín-tín ń gbé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, tí onílé àti àlejò sì jọ ń jẹ ẹ́. Bí omi bá gbóná ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀dá náà á lé èwe yìí jáde, á funfun báláú, bí ooru náà bá sì pẹ́, á kú. Ọdún 1998 ni èyí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó tún ti ń ṣẹlẹ̀, ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Bí òkun ńlá tí Ọlọ́run dá bá lè gbóná títí tí ìṣòro fi dé, kí la fẹ́ sọ nípa àpótí tí kò ju àpò ìrẹsì lọ, tí ẹnìkan gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?

Kékeré kọ́ ni ìrọ̀rùn

Irọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọlọ́jà ń pa nìyí: "Ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀, ó rọrùn." Ó bọ́gbọ́n mu létí, nítorí a mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ kọ́ òwò, àtẹ kékeré ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe àtẹ. Nínú omi, bí nǹkan bá ti ń kéré sí i ni wàhálà ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan jẹ́ bíi gíráàmù 35. Àpótí tó gba lítà 40, iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,400. Lójoojúmọ́ ni omi ń fẹ́ lọ láti ojú àpótí, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tó ti dáná ọbẹ̀ rí mọ èyí láìjẹ́ pé ó ka ìwé: bí ọbẹ̀ bá ti ń gbẹ lórí iná ló ń níyọ̀ sí i. Bí lítà mẹ́rin bá fẹ́ lọ nínú 40, iyọ̀ lítà kọ̀ọ̀kan tó kù ti kúrò ní 35, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 39. Bí lítà mẹ́rin kan náà bá fẹ́ lọ nínú àpótí lítà 400, díẹ̀ ló fi ju 35 lọ, ẹja inú ẹ̀ kò tilẹ̀ ní í mọ̀. Ìjàmbá kan náà, lójú ẹni tó ni àpótí ńlá, bí kí eṣinṣin bà lé ni. Lójú ẹni tó ni kékeré, àìsàn ni.

Ibẹ̀ náà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti máa ń dá kún ọ̀ràn. Ó rí i pé omi ti wálẹ̀, ó sáré po omi oníyọ̀ mìíràn, ó dà á sí i. Ó fi iyọ̀ kún iyọ̀! Omi lásán tí kò níyọ̀ la fi ń dí ohun tó gbẹ, torí omi lásán ló lọ. Ojoojúmọ́ la sì ń ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wù wá.

Ooru náà rí bẹ́ẹ̀. Dígírì 24 sí 27 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òkìtì iyùn fẹ́. Omi díẹ̀ máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé kẹ́tùlù kaná. Bí ìgbín kan ṣoṣo bá kú sábẹ́ òkúta nínú àpótí kékeré, òórùn ikú rẹ̀ lè ba gbogbo omi jẹ́ mọ́jú. Nítorí náà, bí owó àti ààyè bá gbà, lítà ọgọ́rùn-ún sàn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ju ogójì lọ. Ẹni tó bá sọ òdìkejì èyí fún yín, ẹ wo ohun tó ní lórí kàǹtà tó fẹ́ tà.

Oṣù tí a kò gbọdọ̀ fò

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Kí ló dé tí ẹja tí a rà lọ́jọ́ tí a ra àpótí fi ń kú?

Ẹja ń jẹ, ẹja ń yàgbẹ́, ẹja ń mí. Nínú gbogbo èyí ni amóníà ti ń jáde, májèlé sì ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Nínú òkun, kò sí wàhálà. Omi pọ̀ lọ jàra, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì wà lára òkúta àti nínú iyanrìn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti jẹ amóníà. Ìran kan nínú wọn á sọ ọ́ di náítíráìtì, ohun tí a kò fẹ́ kó kù sínú àpótí. Ìran kejì á gba ìyẹn, á sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a lè máa fi omi tuntun dín kù. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni kòkòrò wọ̀nyí ń ṣe. Nínú àpótí tuntun, agbálẹ̀ kò tíì dé. Ilé ti kún, kò sì sí ẹni tí yóò gbálẹ̀. Ẹ̀gbin ara ẹja ló ń pa ẹja.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kòkòrò wọ̀nyí máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Kò sí ẹni tó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó gbọ́n á kó òkúta àti iyanrìn sínú omi oníyọ̀, á tan ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri, á wá máa kán amóníà díẹ̀ sí i fún kòkòrò láti jẹ, láìsí ẹja kankan níbẹ̀. Lójoojúmọ́ méjì-mẹ́ta ni yóò máa fi oògùn ìdánwò wo omi náà. Ọjọ́ tó bá fi amóníà sí i lónìí, tí kò bá amóníà tàbí náítíráìtì kankan níbẹ̀ lọ́la, ọjọ́ náà ni ilé tó gbàlejò. Wọ́n ń ta kòkòrò yìí nínú ìgò pẹ̀lú. Òmíràn ń ṣiṣẹ́, ó ń dín ọjọ́ kù. Ṣùgbọ́n ìdánwò omi ni kó jẹ́rìí, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. Àwọn àgbà ní onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún. Wàrà kìnnìún ni mo pe èyí.

Ìkógun àtijọ́

Kí ẹ má rò pé lónìí ni ìwà yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 1846, ìyàwó àlùfáà kan tó ń gbé ní Westminster ní London, Anna Thynne lorúkọ rẹ̀, kó iyùn alààyè wá sílé láti etíkun Torquay. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹ̀rọ. Ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa da omi náà láti inú ohun kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, iyùn náà sì wà láàyè fún ọdún mélòó kan. Ẹ wò ó: ohun tó gbà ni ìfaradà, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ìfaradà ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, ẹ jẹ́ ká bọlá fún un.

Lẹ́yìn náà ni Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, kọ ìwé rẹ̀ nípa òkun inú gíláàsì ní 1854. Ọdún kan ṣáájú ni ọgbà ẹranko London ti ṣí ilé ẹja tirẹ̀ fún aráyé. Gbogbo ìlú bá gbà á bí àṣà aṣọ tuntun. Wọ́n ya lọ sí etíkun pẹ̀lú òòlù àti garawa. Ọmọ Gosse, Edmund, wá kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ ní 1907 pé àwọn adágún àárín àpáta tí òun mọ̀ ní kékeré, tó kún fún ẹwà, ti di ìkógun, pé àwọn tó ka ìwé bàbá òun ló tú wọn dànù, àti pé ó dun bàbá òun wọra. Bàbá tó fẹ́ràn òkun ló fi ìwé tó kọ ṣínà fún àwọn tó bà á jẹ́. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú, ìparun ló ń bí.

Ọ̀bẹ tó ń wó ilé ara rẹ̀

Etíkun Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn nígbà náà. Lóde òní, Filipínì àti Indonésíà ni ọ̀pọ̀ ẹja wọ̀nyí ti ń wá, Amẹ́ríkà ló sì ń ra jù. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969 ni àwọn apẹja kan ní Filipínì ti ń lo sáyánáìdì, májèlé tó lè pa ènìyàn. Wọ́n á pò ó mọ́ omi nínú ìgò rọ́bà, wọ́n á rì sísàlẹ̀, wọ́n á fún un sínú ihò iyùn tí ẹja sá sí. Ẹja náà á dákú, wọ́n á kó o bí ẹni ṣa ẹ̀kùrọ́. Iyùn tí májèlé náà bá kàn lè kú níbi tó wà. Ẹja tó yè lè má pẹ́ tó fi kú: á jí, á ta, á wọ ọkọ̀ òfuurufú, á dé ilé ẹni tó rà á, á sì kú níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, onílé á wá máa ní omi òun ló burú. Òfin Filipínì ọdún 1998 ka pípa ẹja pẹ̀lú májèlé sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ kò tíì tán. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo apẹja ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ń fi àwọ̀n mú ẹja wà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tó mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ta ẹja fún yín, májèlé kò hàn, àwọ̀n kò hàn.

Ẹ tún gbọ́ ti ẹja Banggai. Erékùṣù Banggai ní Indonésíà ni ilé rẹ̀. Akọ rẹ̀ ló ń fi ẹnu gbé ẹyin, inú ẹnu bàbá yìí sì ni àwọn ọmọ ń gbé títí wọ́n á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Torí pé ọmọ rẹ̀ kì í bá omi òkun lọ jìnnà bíi ti ẹja mìíràn, ibi tí wọ́n bá ti kó o tán, ó ṣòro kó tún kún. Ní 2007, àjọ IUCN tó ń ka àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́ kọ ọ́ sínú àwọn tó wà nínú ewu. Kí ló kó o débẹ̀? Ẹwà rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja yìí wà lára èyí tó rọrùn jù láti bímọ nínú gíláàsì! Ẹni tó bá lọ ra èyí tí wọ́n kó láti òkun nígbà tí èyí tí wọ́n sìn wà nílẹ̀, kí ni àwáwí rẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ bá mi jiyàn

Ẹnìkan á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹja lásán ni. Ṣebí à ń jẹ ẹja?" Bẹ́ẹ̀ ni, à ń jẹ ẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́, mo sì fẹ́ràn orí rẹ̀. Ẹja tí a jẹ, ó bọ́ ọmọ. Ẹja tí a rà láti máa wò, tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí a tú dà sí ṣáláńgá, ta ló bọ́? Ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun tí àwọn ọmọdé mọ̀ dáadáa láti ìgbà tí fíìmù Finding Nemo ti jáde ní 2003 lè gbé ju ogún ọdún lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ẹni tó bá pa á láàárín ọjọ́ méje, ogún ọdún ló fi tàfàlà.

Ẹlòmíràn á ní, "Bí a kò bá ra ẹja àwọn apẹja yìí, ebi á pa wọ́n." Ọ̀rọ̀ nìyí, èmi ò sì ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Abúlé wà ní etíkun Filipínì tó jẹ́ pé ẹja ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì. Apẹja tó ń fi àwọ̀n mú ẹja, tó sì ń rí owó gidi lórí rẹ̀, ní ìdí láti dáàbò bo òkìtì iyùn abúlé rẹ̀. Bí gbogbo wa bá ní a ò rà mọ́, ó lè lọ fi àdó olóró pa ẹja jíjẹ, ìyẹn sì burú jù. Nítorí náà, ohun tí mo sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹja inú òkun. Kó ra èyí tí wọ́n sìn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ra, tí ẹja ilé kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó wá lọ ra ti apẹja aláwọ̀n, kó sì san owó tó yẹ. Dókítà kì í fi ènìyàn alààyè kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú.

Àwọn kan wà lódìkejì tí wọ́n ní kí ìjọba fòfin de gbogbo rẹ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Hawaii ní kí ìjọba má ṣe fún àwọn tó ń kó ẹja ọ̀ṣọ́ níwèé àṣẹ mọ́ láìkọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ wọn ń ṣe sí òkun. Èmi fara mọ́ ìdájọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí a fòfin de títọ́jú iyùn nínú gíláàsì pátápátá, èmi kò fara mọ́ ọn. Martin Moe ní Florida ló fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979 pé ẹja onílà funfun náà ṣeé sìn fún títà. Àwọn alápòótí ní Berlin ló kọ́ bí iyùn ṣe ń dàgbà nínú ilé, tí Dietrich Stüber sì ń gé ẹ̀ka iyùn tirẹ̀ fún ọ̀rẹ́ bí a ṣe ń gé pákí gbìn, tí iyùn kan náà fi dé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù láìtún kan òkun mọ́. Gígé ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tún òkìtì iyùn gbìn ń ṣe lónìí. Ohun tó dára ni. Aláìnísùúrù ni mo ń bá jà.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ṣe é báyìí

Ẹ má gbé àpótí síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i tààrà. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ bó ṣe jáde; kílórínì wà nínú ẹ̀, bàbà ara páìpù sì lè wà níbẹ̀, díẹ̀ bíńtín nínú bàbà yìí tó láti pa iyùn àti ìgbín. Omi tí a sẹ́ títí kò fi ku nǹkan kan nínú ẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe é. Kì í ṣe iyọ̀ nìkan ló wà nínú omi òkun: kálísíọ̀mù inú lítà kan ju mílígíráàmù 400 lọ, ohun tí iyùn fi ń kọ́lé sì ni. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún iṣẹ́ yìí wà lọ́tọ̀. Inú garawa ni kí ẹ ti pò ó, kì í ṣe lórí ẹja. Ẹ jẹ́ kó yí mọ́jú, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kó tó wọlé. Ẹ má sì ní ẹ ó lọ bu omi létíkun ìlú ńlá, níbi tí gọ́tà ti ń ṣàn wọ òkun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí mo wí, ìgbín díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹja kan, tàbí méjì onílà funfun tí wọ́n sìn. Ó tán. Nínú lítà ogójì, ó tán! Ẹ má ra ẹja búlúù inú fíìmù yẹn; ó lè gùn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, bí ìgbà tí ẹ dá ẹṣin sí ilé ìwẹ̀ ni. Ẹ má ra ẹja mandarin, bó ti wù kó lẹ́wà tó, torí kòkòrò omi tín-ín-tín ló ń jẹ tọ̀sán-tòru, ebi ni yóò pa á nínú àpótí tuntun níṣojú yín. Iyùn tó ní ara rírọ̀ ni kó ṣáájú èyí tó ní egungun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì se òkúta wọn lórí iná láé: májèlé líle wà lára ìran kan nínú wọn tí ooru rẹ̀ ti dá àwọn ará ilé dùbúlẹ̀ rí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ lítà mẹ́rin nínú ogójì, kí ẹ fi omi oníyọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bí iná bá lọ, omi dúró, atẹ́gùn inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ẹni tí kò bá ní bátìrì tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi láti alẹ́ mọ́jú, kó má ṣe é. Mo tún un sọ, kó má ṣe é. Ẹja inú omi wa náà wà, wọ́n sì lẹ́wà bí a bá wò wọ́n dáadáa.

Bí ó bá sú yín, ẹ má kó o dà sódò tàbí sókun. Wọ́n rí ẹja lionfish, ọmọ Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ní etíkun Florida ní 1985; ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé àwọn alápòótí ló tú u sílẹ̀. Ó ti gba gbogbo Karibíánì, ó ń jẹ ọmọ ẹja onílẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n rí èwe òkun kan, Caulerpa, lẹ́yìn ilé ẹja òkun ti Monaco, ó sì tàn kálẹ̀ sí Mẹditaréníà. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè mẹ́ta: "Ọ̀gá, ṣé wọ́n sin ẹja yìí ni, àbí òkun ni wọ́n ti mú un? Bí ó bá jẹ́ òkun, kí ni wọ́n fi mú un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lóúnjẹ kí n rí i bó ṣe ń jẹun." Bó bá dáhùn dáadáa, ọlọ́jà gidi ni, ẹ padà lọ bá a lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ ilé. Owó yín ṣì wà lápò, ẹja náà kò sì tíì kú lọ́wọ́ yín.